Aṣọ Mímọ́ Ni Mò Ń Fọ̀

Gurugúdú, gurugúdú, wọ̀ọ̀ọ̀. Títí dòní, ohùn ẹ̀rọ ìfọṣọ yẹn ṣì wà létí mi. Ọkọ mi ló fi ránṣẹ́ láti òkè òkun, lọ́dún kejì tí a ṣègbéyàwó. Inú ọkọ̀ ojú omi ló ti ń ṣiṣẹ́ nígbà náà, nídìí ẹ́ńjìnnì, bí ọkọ̀ bá sì ti kúrò ní Àpápá, ó di kí n máa retí. Ẹ̀rọ dé, ẹni tó rà á kò bá a dé. Àwọn ará ilé wá wò ó ní yàrá mi l'Ájégúnlẹ̀, wọ́n ń kí mi kú oríire, èmi náà ń yan bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bí ìbejì.

Nínú ilé yẹn, orúkọ ọmọ ni wọ́n fi ń pe gbogbo obìnrin: ìyá lágbájá, ìyá tàmẹ̀dù. Èmi nìkan ni "Ìyàwó", torí n kò tíì bímọ. Ìyàwó ẹni tí ojú kì í rí. Nídìí kànga ni wọ́n ti jọ ń fọṣọ, tí wọ́n ń bú ara wọn ṣeré. Nígbà tí ẹ̀rọ dé, kò sí ohun tí mo tún ń wá lọ síbẹ̀ ju kí n fa omi kí n sì yára wọlé. Ẹ wo ọgbọ́n orí mi! Ẹ̀rọ tó yẹ kó dín iṣẹ́ mi kù, èmi ni mò ń pọnmi fún un, garawa lórí garawa. Ṣùgbọ́n bó bá ti bẹ̀rẹ̀ sí pariwo, yàrá tó dákẹ́ láti àárọ̀ á di ilé tí èèyàn wà. Bó bá dákẹ́, ilé á tún dá ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ni n óò bá tún wá aṣọ kó sí i. Aṣọ tèmi kì í pẹ́ tán. Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí kó aṣọ ọkọ mi jáde nínú àpótí nìyẹn, ṣẹ́ẹ̀tì tí ẹnikẹ́ni ò wọ̀, ṣòkòtò tí kò rí eruku. Mo ń fọ̀ wọ́n, mo ń sá wọn, mo ń ká wọn; kí ọ̀sẹ̀ tó yí po, mo ti tún dà wọ́n sínú omi ọṣẹ.

Omi ẹ̀rọ ń gba balùwẹ̀ mi lọ sínú sókàwéè, ihò abẹ́ ilẹ̀ tí ilé ìgbẹ́ gbogbo wa ń ṣàn sí. N kò ronú kàn án rí. Àwọn àgbà ní ẹni tó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù. Tèmi ju tútù lọ. Òjò ti rọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ilẹ̀ ti yó, ni omi ìdọ̀tí bá sọ gùlù nínú balùwẹ̀ ìyá onílé láàárọ̀ ọjọ́ kan, pẹ̀lú fóòmù ọṣẹ lórí rẹ̀.

"Yéè! Ta ló fẹ́ rì mí mọ́ ilé ọkọ mi?"

Wọ́n ránṣẹ́ pe ọkùnrin tó ń kó sókàwéè. Ó ṣí ìdérí, ó rí funfun, ó lanu. "Mama, na hotel una dey run for here?"

Obìnrin tó ń gbé yàrá kejì sí tèmi, tí ọkọ rẹ̀ ń tún tírélà ṣe ní ibùdókọ̀ Coconut, kò tiẹ̀ wò mí. "Ẹ bi Ìyàwó. Ẹ̀rọ ẹ̀ kì í sinmi."

Ìyá onílé ní kí n kẹ́rù mi kí oṣù tó parí. Yàrá kọ́ ló dùn mí. Ilé yẹn nìkan ni àdírẹ́sì tí ọkọ mi mọ̀. Láti ìgbà tí ẹ̀rọ ti dé, n kò gbúròó rẹ̀ mọ́. Mo kúnlẹ̀ sínú omi ìdọ̀tí yẹn.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lé mi. Bó bá dé, kò ní mọ ibi tí mo wà."

Màmá wò mí, wọ́n wo okùn tí mo sá aṣọ sí. "Ìyàwó, aṣọ ọkùnrin nìkan ni mò ń rí níbí. A tiẹ̀ rò pé ọkọ ẹ ti dé, pé o gbé e pamọ́ fún wa ni. Aṣọ ta lò ń fọ̀ gan-an?"

Ẹkún ló jáde lẹ́nu mi. Màmá fà mí dìde. "Gbọ́, ikùn ilé ni sókàwéè. Ìdọ̀tí gbọ́dọ̀ ráyè jókòó sísàlẹ̀, kí omi òkè rọra wọlẹ̀ lọ. Bó o bá ń da omi lù ú láìsinmi, á bì. Ọṣẹ àpọ̀jù á sì pa kòkòrò tó ń jẹ ìdọ̀tí inú ẹ̀. Jẹ́ kí aṣọ pọ̀ kó o tó fọ̀ ọ́. Tójò bá ń rọ̀, wá fọwọ́ fọ̀ ọ́ nídìí kànga bíi tiwa." Wọ́n rẹ ohùn sílẹ̀. "Tí yàrá bá dákẹ́ jù, máa bọ̀ lọ́dọ̀ mi. Opó lèmi náà."

Èmi náà! Ọ̀rọ̀ yẹn dẹ́rù bà mí, n kò sì lọ. Mo fi aṣọ bo ẹ̀rọ, mo jókòó ti ìdákẹ́jẹ́ mi. Ọdún ń gorí ọdún. Mo lọ bèèrè ọkọ mi ní ọ́fíìsì àwọn tó ni ọkọ̀ ojú omi rẹ̀, ní Warehouse Road, wọ́n ní wọ́n ti ta ọkọ̀ náà, wọn ò mọ ẹni tí mò ń wí. Nígbà tí mo délé, mo ṣí àpótí. Òróró ẹ́ńjìnnì àti tábà ni ara ọkọ mi máa ń run, bó ti wù kó wẹ̀ tó. Mo fi imú kan ṣẹ́ẹ̀tì kan, mo mú òmíràn, mo tú gbogbo wọn sílẹ̀. Ọṣẹ ni wọ́n ń run.

Mo ti darúgbó báyìí. Mo ní ẹ̀rọ ìfọṣọ mìíràn, n kì í fọ̀ títí aṣọ á fi pọ̀, ọṣẹ díẹ̀ ni mò ń dà sí i, sókàwéè mi ò sì kún rí. Ẹ̀kọ́ Màmá yé mi. Ṣùgbọ́n mo ṣì máa ń rántí ọkùnrin tó wá kó sókàwéè lọ́jọ́ náà, bó ṣe gbé gbogbo rẹ̀ kọjá lójú mi. Ìwọ̀nba òórùn ọkọ mi tó kù nílé ló ń gbé lọ yẹn, èmi sì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà náà.