Ìyá mi ò sùn, ìwé ní wọ́n sùn

Àyà mi ń já, ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi.

Lọ́la ni iṣẹ́ abẹ ìyá mi. Alùpùpù ló gbé wọn ṣubú lọ́nà Idigny, itan wọn kán. Ó di ọjọ́ mẹ́ta tí ìrora ò jẹ́ kí wọ́n sùn.

Nọ́ọ̀sì wọlé láàárọ̀ yìí:
"Màmá, ṣé ẹ sùn dáadáa?"
"A dúpẹ́, ọmọ mi."
Ó bá kọ ọ́ sínú ìwé pé wọ́n sùn!

Mo ní, "Ìyá, kí ló dé?"
"Ẹni tó kí mi káàárọ̀, ṣé ìrora ni kí n fi dá a lóhùn?"

Mo sáré lé nọ́ọ̀sì bá. Kí n tó lanu, ó ní:
"Àǹtí, ojú yín pọ́n. Ṣé ẹ sùn?"
"A dúpẹ́."
Ó bá tiẹ̀ lọ.

Mo tún ń padà lọ bá a báyìí. Ta ló sùn nínú yín? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ pé a dúpẹ́.