Ọ́ìlì Máṣíìnì

Lánàá, mo gbóòórùn ọ́ìlì máṣíìnì ní ṣọ́ọ̀bù télọ̀ kan ní Gánájà, ọ̀sán ọjọ́ kan nígbà tí mo wà ní kékeré sì padà wá bá mi. Màmá ń nu máṣíìnì ìránṣọ wọn, wọ́n ń kán ọ́ìlì sí i títí irin rẹ̀ fi ń dán. Mo rò pé aṣọ ọdún mi ló kàn. Ọkùnrin kan wọlé, ó kí wọn bí a ti ń kíra wa nílùú wa pé, "Òkun o," ó sì fi kẹ̀kẹ́ gbé máṣíìnì náà lọ.

"Ṣé ó bàjẹ́ ni, Màmá?"

"Ó bàjẹ́."

Bàbá ò yọjú láti yàrá.

Lọ́jọ́ Àìkú, Bàbá jẹ́rìí ní ṣọ́ọ̀ṣì pé Ọlọ́run ti bá àwọn san gbèsè. Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé owó tí wọ́n ta máṣíìnì náà ni wọ́n fi san án. Lọ́jọ́ ìjẹ́rìí yẹn, èmi ni mo ṣe àmín tó ròkè jù.