Adìyẹ ìrànà ọkọ mi

Ọkọ mi ṣì ń mí nígbà tí àbúrò rẹ̀ gbé adìyẹ ìrànà wọlé lónìí, èyí tí wọ́n ń tu ìyẹ́ rẹ̀ níwájú òkú.

Igi ló wó lu ọkọ mi lẹ́sẹ̀ lóko obì. Dókítà òyìnbó gé ẹsẹ̀ náà, ó fi abọ́ gbe ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ó po oògùn mọ́ ọn kó má baà dì, ó sì ń dà á padà sínú iṣan rẹ̀.

Àbúrò ní, "Ẹ̀jẹ̀ tó ti jáde kì í padà sílé. Ìyàwó, fọkàn balẹ̀, èmi ni màá ṣú ọ lópó."

Lọ́sàn-án, ọkọ mi lajú, ó béèrè omi.

Mo kúnlẹ̀ fún àbúrò rẹ̀. "Ọkọ mi, ẹ bá mi tu ìyẹ́ adìyẹ yín. Ẹ̀gbọ́n yín fẹ́ jẹ ọbẹ̀."

Ó tu ú tán níṣojú gbogbo ará ilé. Egungun lásán, mi ò fún un.

Ẹ̀yin ìyàwó ilé, ṣé omi ọbẹ̀ tiẹ̀ tọ́ sí i?