Àdán Àǹtí Mi Wọ Okaishie

Nígbà tí mo ṣì kéré ní Sabon Zongo, ládùúgbò wa ní Àkrà, oyè kan wà tó ga ju oyè ìjòyè lọ: oyè ẹni tí kò gé etí aṣọ rẹ̀. Ẹ bá mi yìn wọ́n, ẹ̀yin ọmọ mi. Ilé iṣẹ́ òkè òkun ti tẹ lẹ́tà wínníwínní sí etí ànkárá, obìnrin tó bá sì mọyì ara rẹ̀ á kìlọ̀ fún télọ̀ pé kò gbọ́dọ̀ ká a sínú. Bó bá ń lọ lójú títì, ẹ ó máa ka ẹsẹ̀ rẹ̀ bí ìwé ìròyìn. Ẹni tí kò mọ̀wé kà pàápàá mọ̀ pé òyìnbó ló kọ ọ́. Ìyẹn sì tó.

Àǹtí mi, àbúrò ìyá mi, nìkan ni kò bá wọn du oyè yìí. Ọṣẹ ló ń bá ìyá mi tà, ṣùgbọ́n ara aṣọ ni ọkàn rẹ̀ wà. Bó bá di ìrọ̀lẹ́, á wọ ọkọ̀ trotro lọ sí ìdí àwọn igi ńlá kan láàárín ìlú, níbi tí àdán pọ̀ ju ewé lọ. Ṣé ẹ ti rí àdán Àkrà rí? Lọ́sàn-án, wọ́n á rọ̀ dirodiro bí èso tó gbó. Bí oòrùn bá ń wọ̀, wọ́n á tú jáde, ojú ọ̀run á sì ṣú. Àǹtí mi á bẹ̀rẹ̀, á ki orí sáàárín ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì, kó lè rí wọn bí wọ́n ṣe ń rí wa. Àwọn tó ń pe èrò sọ́kọ̀ á máa fi orúkọ tí wọ́n ń pe àwa Yorùbá pariwo: "Anago, kí lo sọ nù?"

Bó bá délé, á gé àwòrán wọn lára fóòmù bẹ́ẹ̀dì àtijọ́, á tì í bọ ìda gbígbóná, á tẹ̀ ẹ́ mọ́ aṣọ funfun, á wá rẹ aṣọ náà sínú aró. Bó bá yọ ọ́, tó fi omi gbígbóná yọ́ ìda kúrò, àdán funfun á máa fò kiri nínú òru.

Ìyá mi kò rí òru kankan. Owó ọjà ọṣẹ ló rí tó ń wọnú aró. Ó ní kí àbúrò òun gbé aṣọ náà lọ bá ìyá kan tó ń tà fún àwọn alátùntà ní ọjà Okaishie. "Bí kò bá gbà á, kẹ́ńkẹ́ ni mà á fi ìkòkò aró yìí sè, ìwọ lo sì máa kiri ẹ̀!"

Mo tẹ̀ lé e lọ. Ìyá náà tú aṣọ wò, ó bú sẹ́rìn-ín.

"Àdán kẹ̀? Ta ni yóò so àdán mọ́ ìdí lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì? Lọ ya òdòdó òyìnbó wá, ọmọ mi."

"Mi ò rí òdòdó òyìnbó rí, mà. Àdán ni mò ń rí."

Obìnrin kan tó wá rajà fọwọ́ kan aṣọ náà. "Kí lorúkọ ẹ̀?"

Ẹ jẹ́ kí n là á yé yín: ní ìlú yìí, aṣọ tí kò lórúkọ dà bí ọmọ tí a kò tíì sọ lórúkọ, kò sẹ́ni tí yóò gbé e jó. Àǹtí mi kò sì ronú kan orúkọ rí. Ìbínú ló dáhùn fún un: "Àdán dorí kodò, ó ń wo ìṣe ẹyẹ!"

Oníbàárà náà fọwọ́ sí ìbàdí.

"Gé yáàdì mẹ́fà fún mi. Orogún mi gbọ́dọ̀ rí i lọ́la."

Oòrùn kò tíì wọ̀ tí aṣọ fi tán. Gbogbo ẹni tó ní orogún, ìyá ọkọ tàbí onílé aláwìíjàre ló ń wá àdán. Ìyá Okaishie ń sọ fún gbogbo ayé pé òun ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé àdán á tà. Ìyá mi fi ọṣẹ sílẹ̀, ó di ẹni tó ń yọ́ ìda. Àwọn olóyè etí aṣọ wa ńkọ́? Wọ́n bẹ àǹtí mi kó fi ìda kọ "Sabon Zongo" sí etí aṣọ, wọ́n sì kìlọ̀ fún télọ̀ pé kò gbọ́dọ̀ ká a sínú.

Ayé ti yí. Fóònù ló ń ya àwòrán aṣọ lónìí, kò sì sẹ́ni tó ń ki orí sáàárín ẹsẹ̀ mọ́. Aṣọ tí àǹtí mi ṣe fún ìbàdí àti fún ìjà orogún ti wọ inú gíláàsì lára ògiri àwọn ọ̀mọ̀wé. Wọ́n á dúró níwájú rẹ̀, wọ́n á fọwọ́ di àgbọ̀n mú, wọ́n á ní ó jinlẹ̀.

Ọ̀kan wà ní pálọ̀ mi. Èmi náà máa ń di àgbọ̀n mú.