Ohun Tí Séverin Rí Ní Abẹ́òkúta Nípa Baba Ńlá Rẹ̀

Kò sí ẹni tí yóò bá Séverin Fálúyì jókòó ní Pobè fún ìdajì wákàtí tí kò ní gbọ́ orúkọ Jeremáyà. Jeremáyà ni baba tó bí baba baba rẹ̀, ọmọ Sakété tó gba ìgbàgbọ́ lọ́wọ́ àwọn òyìnbó Áńgílíkà nígbà tó ń ṣòwò lọ sí Abẹ́òkúta. Séverin a máa sọ pé ọkùnrin yìí kórìíra òwò ẹrú débi pé bí ó bá rí ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ lásán, omijé á bọ́ lójú rẹ̀. Ta ló rí omijé ọ̀hún? Kò sẹ́ni tó bèèrè. Ọgbọ̀n ọdún ni Séverin fi kọ́ àwọn ọmọ ní ìtàn ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, kò sì mọ́ ọn lára kí ẹnikẹ́ni já òun nírọ́.

Nígbà tó fẹ̀yìntì, ó ní òun yóò kọ ìwé nípa ìjọ Áńgílíkà, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì àti ẹrú, Jeremáyà ni yóò sì wà ní orí kìíní. Berthe ìyàwó rẹ̀, tó ń ṣe epo pupa, ní, "Bàbá Elvire, ẹ jẹ́ kí baba yìí sinmi." Kò gbọ́. Ó sọdá ẹnubodè, ó dé Abẹ́òkúta, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú àwọn ìwé àtijọ́ tí wọ́n kó jọ sí yàrá kan lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì.

Ní ọjọ́ kẹrin, ó rí Jeremáyà nínú ìwé ìrántí àlùfáà òyìnbó kan. Àlùfáà náà kọ ọ́ pé Jeremáyà ará Sakété wá bèèrè Oúnjẹ Olúwa, pé ó ní ẹrúbìnrin kan tó ń jẹ́ Àṣàkẹ́, tó rà lọ́jà. Àlùfáà ní òun sọ fún un pé kí ó dá a sílẹ̀. Jeremáyà ní, ta ni yóò wá bá òun ro oko? Àlùfáà sì gbà á láàyè, bí yóò bá sáà ti kọ́ ẹrú náà ní Àdúrà Olúwa.

Séverin nu awò ojú rẹ̀, ó tún kà á. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó ní àwọn wá pa òwò ẹrú run, àlùfáà wọn rèé tó jókòó bá olówó ẹrú dúnàádúrà. Bó ṣe ń ṣí ìwé náà síwájú, àwọn ọmọ ìjọ tó ní ẹrú bíi Jeremáyà pọ̀ níbẹ̀ lọ jàra.

Nígbà tó délé, odindi ọjọ́ mẹ́ta ni kò fi dárúkọ Jeremáyà. Berthe rò pé ibà ni, ó se àgbo fún un. Ìgbà tó mu ún tán ló tó jẹ́wọ́. Berthe rẹ́rìn-ín títí ó fi gbé ajọ̀ ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Nígbà tó ṣe, ó ní, "Àṣàkẹ́ wá ńkọ́? Ibo ló já sí?"

Séverin kò tilẹ̀ ronú kan obìnrin náà. Ó wo àwọn àwòrán ìwé náà tó fi fóònù yà, ó rí ìlà kan níbi tí ìwé náà parí sí: ẹrúbìnrin Jeremáyà ti sá lọ sí apá Ahoyéyé.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ó gun ọ̀kadà tí wọ́n ń pè ní zémijan lọ síbẹ̀, nítorí kò jìnnà sí Pobè. Wọ́n júwe ìyá arúgbó kan tó ń jẹ́ Àríyọ̀ fún un, ó bá a níbi tó ti ń bó gbáàgúdá. Séverin sọ̀rọ̀ bí ẹni tó wà ní kíláàsì: ó mẹ́nu ba ọba Gẹ̀ẹ́sì, ó mẹ́nu ba bíṣọ́ọ̀bù, kó tó wá dé orí Àṣàkẹ́.

Ìyá Àríyọ̀ ní, "Òun ló bí ìyá tó bí ìyá mi. A mọ̀. Ọjọ́ ìsinmi ló lọ, nígbà tí gbogbo yín wà ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ̀ẹ̀mejì ni bàbá rẹ wá tọrọ ìyàwó níbí tí a ní ọ̀nà yín jìn jù."

"Láti Pobè síbí, Ìyá?"

"Ó jìn."

Séverin ní, "Ìyá, kí ló dé tí ẹ ò sọ fún wa?"

"Ṣé ẹ bi wá ni?"

Séverin dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó ní òun wá tọrọ àforíjì. Ìyá Àríyọ̀ ní kí ó dìde kí erùpẹ̀ má ba aṣọ rẹ̀ jẹ́. "Ìwọ kọ́ lo rà á. Àmọ́ tí o bá ń kọ ìwé, kọ orúkọ rẹ̀ dáadáa. Sakété ló sọ ọ́ ní Àṣàkẹ́. Ọyábùnmi ni ìyá rẹ̀ sọ ọ́."

Títí di ọ̀sán ni ìyá náà ń sọ̀rọ̀, tí Séverin ń kọ ọ́. Èyí sì ṣòro fún un, nítorí kò mọ bí a ṣe ń gbọ́ ìtàn láìdá sí i.

Ní Pobè ni wọ́n ti tẹ ìwé náà, ọgọ́ta ojú ewé. Ọyábùnmi ló wà ní orí kìíní. Nígbà tí Séverin kà á fún àwọn ẹbí ní Sakété, bó ṣe dé ibi orúkọ náà, àwọn ará Ahoyéyé tó jókòó níwájú mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Valentin, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ti dìde jáde kí Séverin tó ka ojú ewé kẹta. Kò tíì bá a sọ̀rọ̀ títí di òní. Àmọ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá, ìyàwó Valentin yà sílé wọn, ó ní òun wá ra epo lọ́wọ́ Berthe. Ẹ̀dà ìwé náà méjì ló gbà lọ.