Ọ̀rọ̀ Ìdágbére Ẹ̀gbọ́n Mi Sọnù Sínú Kọ̀ǹpútà

Ọkàn mi ṣẹ̀ṣẹ̀ balẹ̀.

Lọ́la la ó sin ẹ̀gbọ́n mi n'Íkòsí, àfi bí mo ṣe wá ọ̀rọ̀ ìdágbére tí mo fẹ́ kà níbi ìsìnkú náà tì nínú kọ̀ǹpútà mi.

Bùkọ́lá ọmọ mi ṣí ojú ìwé dúdú kan tí wọ́n fi ń pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà, ó tẹ "find", ìyẹn "wá a", àti orúkọ fáìlì náà. Ni orúkọ kan náà bá ń tò wálẹ̀ lọ rẹrẹ.

"Haa, Daddy! Ẹ̀dà mélòó lẹ ṣe?"

"Kó má baà sọnù ni."

"Èwo wá lẹ fẹ́ kà?"

Mi ò mọ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí kọ̀ǹpútà mú èyí tí mo tún ṣe kẹ́yìn wá. Òun gan-an ni.

A ti tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé. Ọ̀kan wà nínú Bíbélì, ọ̀kan nínú àpò agbádá. Ẹ̀yin ọ̀rẹ́, ṣé kí n tún fún Bùkọ́lá ní ọ̀kan?