Ṣáláńgá Ẹ̀yìn Kíláàsì Ọmọ Mi

Ọmọ mi obìnrin ti lé ní ọmọ ọdún mẹ́rin kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í tọ̀ sára. Kì í ṣe lórí ibùsùn o. Ojú títì ni, ní ọ̀sán gangan, bí a bá ń ti ilé ìwé bọ̀. A ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní géètì, a kò ní í tíì rìn jìnnà, yóò kàn dúró, yóò fún itan pọ̀, ìtọ̀ yóò sì máa ṣàn gba ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ sínú bàtà. Àwọn ọlọ́kadà tó ń dúró de èrò lábẹ́ igi yóò máa wò wá.

Aránṣọ ni mí. Ṣọ́ọ̀bù mi wà ní àdúgbò Kennedy, ní ìlú Bouaké níbí, nílẹ̀ tí wọ́n ti ń sọ Faransé, ọkọ mi sì ń jó irin ní Zone industrielle, àdúgbò àwọn ilé iṣẹ́. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni àwa méjèèjì, a kò tíì pẹ́ púpọ̀ nílùú yìí. Ẹni tó ń ránṣọ fún oníbàárà kò fẹ́ kí ṣọ́ọ̀bù òun máa rùn fún ìtọ̀. Nígbà tí ọmọ yìí ṣe é lẹ́ẹ̀kẹta, mo fi rúlà tí mo fi ń wọn aṣọ nà án nítan lójú àwọn oníbàárà. Mo ní, "Àgbàlagbà bí ìwọ! Ṣé o kò lẹ́nu tí o máa fi sọ̀rọ̀ ni?" Ọ̀kan nínú wọn rẹ́rìn-ín, èmi náà sì bá a rẹ́rìn-ín. Nínú gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, tó sì kún fún ẹ̀gbin, ẹ̀rín yẹn ló ń rí mi lára jù.

Lẹ́yìn ìyẹn ni mo wá ṣàkíyèsí pé ike omi tí mo ń fún un lọ sílé ìwé ń padà wálé ní kíkún. Èmi rò pé ó ń gbàgbé ni. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo gbé omi sí i lẹ́nu kí a tó jáde, ló bá fi ọwọ́ bo ẹnu.

Mo ní, "Mu omi, oòrùn máa mú lónìí."

"N kò mu, Màámi."

"Kí ló dé?"

"Tí mo bá mu ún, mo máa fẹ́ tọ̀."

"Tí o bá fẹ́ tọ̀ ńkọ́? Ṣé kò sílé ìtọ̀ níbẹ̀ ni?"

Ó wò mí bí ẹni tó ń wo ẹni tí kò mọ nǹkan kan. Ó ní, "Ìdin wà níbẹ̀, Màámi. Wọ́n ń gun ẹsẹ̀."

Láti ìgbà tí ọmọ yìí ti bẹ̀rẹ̀ ilé ìwé, ẹnu géètì ni mo máa ń dúró. Mo máa ń tì í lẹ́yìn wọlé, mo máa ń juwọ́ sí i, mo sì máa ń sáré padà sídìí ẹ̀rọ mi. Jẹ́lé-ó-sinmi ni a ń pe irú ilé ìwé bẹ́ẹ̀ nílé wa, èmi sì ti gba orúkọ náà gbọ́ gan-an. Ilé ti sinmi. Èmi náà ti sinmi. Ibi tí ọmọ wà, n kò bèèrè. Tí ó bá dé lọ́sàn-án, n kì í bi í pé kí ni wọ́n kọ́ ọ lónìí. Ohun tí mo máa ń bi í ni pé ta ló dọ̀tí aṣọ rẹ.

Lọ́jọ́ náà, mo bá a wọlé. Ọ̀dọ́bìnrin tó ń kọ́ wọn, tí gbogbo wọn ń pè ní Tántì, wà lẹ́nu ọ̀nà kíláàsì, ó ń tún ìbọ̀sẹ̀ ọmọ kan ṣe. Mo ní mo fẹ́ rí ilé ìtọ̀ àwọn ọmọ. Ojú rẹ̀ yí padà.

Ó ní, "Mádààmù, ẹ má wulẹ̀ lọ síbẹ̀."

"Ọmọ mi ń lọ síbẹ̀."

"Rárá," ó ní, "kò lọ. Ìdí nìyẹn tó fi ń tọ̀ sára."

Ó mú mi gba ẹ̀yìn kíláàsì. Òórùn pàdé wa kí a tó yí igun ògiri. Ilẹ̀kùn méjì ló wà níbẹ̀; ọ̀kan ti ṣubú, èkejì ń fi ẹ̀gbẹ́ kan rọ̀. Mo yọjú wo inú. Ìgbẹ́ wà nílẹ̀, ó wà lára ògiri, ó wà lórí ibi tí ó yẹ kí ọmọ gbẹ́sẹ̀ lé. Ó ti gbẹ lórí, ó ṣì tutù nísàlẹ̀, ìdin sì ń hó nínú rẹ̀ bí ìrẹsì tó ń sè. Bàtà ọmọdé kan, ẹsẹ̀ òsì, lẹ̀ mọ́ ọn. Ọmọ náà ti fà á tì, ó ti fi í sílẹ̀ sálọ. Eṣinṣin dìde, wọ́n bà lé mi lẹ́nu. Mo bì sára koríko lójú Tántì.

Nígbà tí mo nu ẹnu tán, ohun kan wá sí mi lọ́kàn. Mo tún wo inú. Mo ní, "Tántì, èyí kì í ṣe ìgbẹ́ ọmọdé."

Ó ní, "Ẹ ti rí i. Àwọn òbí ni. Tí wọ́n bá ń dúró de ọmọ wọn lọ́sàn-án, ibẹ̀ ni wọ́n ń yà sí. Àwọn tó ń gbá bọ́ọ̀lù lọ́jọ́ Àìkú náà ń fo ògiri wọlé. Obìnrin tó ń gbá ibí yìí ti fi iṣẹ́ sílẹ̀, wọn kò sì tíì rán ẹlòmíràn wá. Mo ti sọ ọ́ ní ìpàdé òbí lẹ́ẹ̀mejì."

N kò lọ sí ìkankan nínú ìpàdé méjèèjì. Aṣọ oníbàárà ni mo ń rán.

Ó wá sọ ohun tí mo gbé lọ sílé lọ́jọ́ náà. Ó ní, "Mo máa ń kọ́ wọn ní orin, mo máa ń kọ́ wọn bí a ṣe ń ka ìka ọwọ́. Àwọn kan á di abẹ́ mú, wọ́n á máa mì lórí àga. Ọmọ tó ń há ìtọ̀ mọ́ra kò gbọ́ ohunkóhun tí èèyàn ń sọ. Òbí á wá pàdé mi, á ní ọmọ òun kò mọ nǹkan, ṣé èmi ń kọ́ wọn ṣá?"

Ìpàdé kẹta bọ́ sí ọjọ́ Sátidé. Lọ́tẹ̀ yìí, mo ti ṣọ́ọ̀bù pa. Kíláàsì kún fọ́fọ́. Àwọn òbí jókòó sórí àga kéékèèké, orúnkún wọn ga débi àyà. Ayẹyẹ ìparí ọdún ni wọ́n ń sọ: irú kéèkì tí wọ́n máa ṣe, ẹni tó máa gbé ẹ̀rọ orin wá, bóyá kí àwọn ọmọ wọ funfun tàbí búlúù. Wọ́n fi wákàtí kan jiyàn lórí funfun àti búlúù. Fèrèsé ṣí sílẹ̀, òórùn yẹn sì ń wọlé, gbogbo wa ń mí i símú. Obìnrin kan fi etí aṣọ bo imú, ó sì ń sọ̀rọ̀ kéèkì nínú aṣọ.

Mo nawọ́ sókè. Faransé mi kò dán, ṣùgbọ́n mo sọ ọ́. Mo ní ṣáláńgá àwọn ọmọ kún fún ìdin, mo ní ọmọ kò lè kẹ́kọ̀ọ́ nínú ìnira, mo ní ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ṣe ìyẹn ná.

Alága ẹgbẹ́ òbí, ọkùnrin kan tí ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ máa ń le bí páálí, rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ní, "Mádààmù, ìjọba ló ni ilé ìwé. Kí ìjọba wá kó ìgbẹ́ rẹ̀."

Obìnrin onímú-bíbò ní, "Ẹ jọ̀ọ́, a ṣì máa jẹun lónìí."

Ẹnìkan lẹ́yìn sì sọ pé, "Ẹ gbọ́ Anango yìí. Òun ló fẹ́ wá kọ́ wa ní ìmọ́tótó." Anango ni wọ́n ń pe àwa Yorùbá níbí. Wọ́n rẹ́rìn-ín.

Ara mi gbóná. Mo ní, "Kò burú. Ẹ dìde, ká jọ lọ wò ó. Ẹ̀yìn ògiri tí ẹ fẹ̀yìn tì yìí ni."

Kò sẹ́ni tó dìde. Àga kan dún lẹ́yìn. Ìyá àgbà kan ni, tó wá láti abúlé Marabadiassa láti bá ọmọ rẹ̀ tọ́jú ọmọ. Kò gbọ́ Faransé. Gbogbo àkókò yẹn, ìyá kan tó jókòó tì í ló ń túmọ̀ fún un sí èdè Dioula. Ó sọ fún mi ní Dioula, èyí tí èmi náà gbọ́ díẹ̀ láti ọjà, pé, "Ọmọ mi, mú mi débẹ̀."

A jáde, àwa méjèèjì àti ìyá tó ń túmọ̀ fún un. Ìyá àgbà wo inú ṣáláńgá náà láìbo imú. Ó wá ní, "Èyí tí ọmọ ṣe, ọwọ́ ìyá ló ń kó o. Èyí tí àgbà ṣe sójú ọ̀nà ọmọ, ta ló bí irú àgbà bẹ́ẹ̀?" Ó ká aṣọ rẹ̀ sókè, ó dì í mọ́ ìdí, ó ní kí n wá ṣọ́bìrì.

Bí a ti ń wá ṣọ́bìrì kiri ni ìpàdé tú. Mo yí igun kíláàsì, mo sì bá alága wa tó dojú kọ ògiri, tó ń tọ̀. Ògiri kíláàsì ni, ibi tí Tántì ti ya ẹyẹ àti ẹja aláwọ̀ pupa àti yẹ́lò fún àwọn ọmọ. Ìtọ̀ rẹ̀ ń ṣàn lórí ẹja.

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, àwọn ọmọ ń ṣeré níbẹ̀ o."

Kò yíjú. Ó ní, "Ṣé kí n wá lọ sí ibi tí ẹ sọ pé ìdin wà ni?"

Ó gbọn ara rẹ̀, ó fa síìpù, ó sì na ọwọ́ sí mi pé ó dàbọ̀. N kò gbà á.

Mo pe ọkọ mi lórí fóònù. Mo ní, "Dádì, ẹ bá mi gbé ẹ̀rọ tí ẹ fi ń jó irin wá." Kó tó dé, àwa mẹ́ta ti bẹ̀rẹ̀. A fi aṣọ di imú, a da eérú sí i kó lè gbẹ, a sì ń fi ṣọ́bìrì họ ọ́ sínú garawa, a ń gbé e lọ sínú ihò tí ìyá àgbà gbẹ́ létí ògiri. Ìdin ń wọ inú bàtà wa. Mo bì lẹ́ẹ̀mejì sí i. Ìyá àgbà máa ń dúró dè mí títí n ó fi bì tán, a ó sì tún máa bá a lọ. Nígbà tí ilẹ̀ hàn, a da omi Javel tó ń pa kòkòrò sí i, a fi ìgbálẹ̀ fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Ọkọ mi so ilẹ̀kùn méjèèjì padà sáyè wọn, ó sì jó irin tí a lè kọ́ àgádágodo sí. Ó kàn bi mí pé, "Ibí ni ọmọ wa ti ń wá láti ọdún tó kọjá?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó tutọ́ sílẹ̀.

Fún ọjọ́ mélòó kan, n kò lè jẹ ọbẹ̀ ilá. Mo fọ irun mi tì, òórùn náà kò kúrò, tàbí kó jẹ́ inú imú mi ló kù sí.

Ní alẹ́ ọjọ́ Sátidé yẹn, mo pe ọmọ mi sórí itan. Mo ní, "Màámi nà ọ́ lásán. Ìwọ kò ṣẹ̀." Ó ní, "Ṣé ìdin ti lọ?" Mo ní wọ́n ti lọ. Kò gbà mí gbọ́, n kò sì bá a jà. Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, mo dì í lọ́wọ́ mú wọ ibẹ̀. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó wo ilẹ̀, ó wo ògiri, ó ní kí n kọ́kọ́ wọlé. Mo wọlé. Ó ju ọ̀sẹ̀ kan lọ tí mo fi ń ṣe bẹ́ẹ̀ kó tó lè dá lọ. Lọ́jọ́ tó dá lọ, ó mu omi inú ike rẹ̀ tán.

Kò pẹ́ tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin nílé. Ó ń ka bọ́tìnnì mi lórí tábìlì, ó ń fi ṣọ́ọ̀kì àwọn tẹ́là ya òbìrìkìtì sára ilẹ̀kùn. Mo wá ń bi í léèrè ohun tí wọ́n ṣe. Tántì ní kí àwọn òbí tó bá ráyè máa wá sí kíláàsì lọ́jọ́ Ẹtì, kí wọ́n wá ṣe ohun tí wọ́n mọ̀ ọ́n ṣe níwájú àwọn ọmọ. Mo kó àjákù aṣọ lọ, a jọ rán ọmọlangidi. Ìyá àgbà pa àlọ́ ní Dioula, àwọn ọmọ tí kò gbọ́ Dioula náà ń rẹ́rìn-ín.

Ṣùgbọ́n n kò ní purọ́ pé gbogbo ènìyàn yí padà. Tántì kọ ètò ìmọ́tótó sára ilẹ̀kùn, òbí méjì méjì lọ́sẹ̀. Àwọn bíi mélòó kan ń wá. Obìnrin onímú-bíbò rán ọmọ ọ̀dọ̀ rẹ̀ wá pẹ̀lú ọṣẹ nínú ọ̀rá, òun fúnra rẹ̀ kò wá rí. Nígbà tí àwọn kan rí i pé a ti fi àgádágodo ti ilẹ̀kùn, tí kọ́kọ́rọ́ sì wà lọ́wọ́ Tántì, inú bí wọn. Wọ́n ní níbo ni kí àwọn máa yà sí báyìí. Mo rí i lójú ara mi tí bàbá kan ń bá olùkọ́ ọmọ rẹ̀ jà nítorí ibi tí yóò ti ṣu.

Nígbà tí àwọn ọmọ padà wọlé lẹ́yìn ìsinmi gígùn, àwọn kan ti já àgádágodo náà, wọ́n sì ti tún fi ìgbẹ́ kún ibẹ̀. A tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìyá àgbà ti padà sí Marabadiassa nígbà yẹn, ṣùgbọ́n a jẹ́ òbí mẹ́fà tí a kó ara wa jọ, bàbá méjì wà nínú wa. Ó yá ju ti àkọ́kọ́ lọ, èébì kò sì gbé mi mọ́.

Mo máa ń pàdé alága wa lọ́jà. Ó máa ń kí mi tẹ̀ríntẹ̀rín, èmi náà máa ń dá a lóhùn, nítorí ọmọ tirẹ̀ àti tèmi wà ní kíláàsì kan náà. Ọwọ́ nìkan ni n kò tíì lè bọ̀ ọ́.